Ìdójútòfò Ìlera fún Arìnrìn-àjò

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí ní 1979, kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ìyá àgbà di ẹrù lọ bá ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Yóò rántí èlùbọ́, yóò rántí ẹ̀gúsí àti ọṣẹ dúdú. Ta ni yóò sanwó bí àìsàn bá dá a wó sílẹ̀ lọ́hùn-ún? Ìbéèrè yìí ni a máa ń gbàgbé.

Kí ni ìdójútòfò, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìnṣọ́ránsì? Ó jọ èsúsú ní ti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dá owó jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, olúkúlùkù ni yóò kó owó rẹ̀ bí ó bá kàn án. Nínú ìdójútòfò, ẹni tí ewu wu nìkan ni a ń náwó náà fún. Ẹni tí ó lọ tí ó sì bọ̀ láyọ̀ kò ní gba kọ́bọ̀ padà.

Òfin ìlú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn Schengen, bíi Faransé àti Jámánì, kì í fún ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ ṣe àbẹ̀wò ní físà bí kò bá ní ìdójútòfò tí ó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ọjọ́ tí yóò lò, àti ìtọ́jú pàjáwìrì, àti gbígbé aláìsàn tàbí òkú padà wálé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè irú ìwé yìí lọ́wọ́ àlejò oṣù mẹ́fà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé-ìwòsàn ìjọba kì í gbowó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá àlejò dúró sórí ibùsùn, ìtọ́jú tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn yóò di 1,500 fún un. Gbèsè tí ó bá sì tó 500 pọ́n-ùn lè mú kí wọ́n fi físà dù ú lẹ́yìn ọ̀la.

Báwo wá ni a ó ṣe yàn án? Èkíní, kí a wo àìsàn àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni kò ka ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ mọ́ ohun tí wọn yóò sanwó lé lórí, àfi bí a bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí a sì san àfikún. Ìyá tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ nítorí kí owó má baà pọ̀ lè rí i pé ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti sanwó nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá dé. Èkejì, kí a béèrè bóyá wọ́n ń gba ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èló ni aláìsàn yóò kọ́kọ́ san lápò ara rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ṣé ilé-iṣẹ́ náà ni yóò san fún ilé-ìwòsàn, àbí ẹbí ni yóò san, tí yóò sì fi rìsíìtì gbowó padà? Ẹ̀karùn-ún, ṣé NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ ìdójútòfò, fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ?

Ìwé tí ó tó láti gba físà lè má tó láti gba aláìsàn là. Kí a kà á tán kí a tó sanwó, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọmọ tí a ń lọ bá, kí òmíràn sì wà nílé.