Láti Orí-Ọ̀rọ̀ dé Ìbéèrè Ìwádìí: Àpẹẹrẹ Jẹjẹrẹ Awọ Ara Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́bìnrin

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òdodo ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibi tí ènìyàn ń lọ ni ó gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìjẹ̀bú tí ó ń béèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́, ìdáhùn òtítọ́ gan-an ni yóò ṣì í lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí nípa ìlera rí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí orí-ọ̀rọ̀ ṣe ń di ìbéèrè ìwádìí.

Orí-ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìbéèrè

"Jẹjẹrẹ awọ ara láàrin àwọn ọ̀dọ́bìnrin" kì í ṣe ìbéèrè. Orí-ọ̀rọ̀ lásán ni. Kò sọ irú jẹjẹrẹ tí ọ̀rọ̀ kàn, kò sọ irú ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń tọ́ka sí, kò sì sọ ohun tí olùwádìí fẹ́ mọ̀ nípa wọn. Bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ awọ ara kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a ń pè ní mẹlanómà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè mẹ́lánìn, ìyẹn èròjà tí ń sọ awọ di dúdú. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní òkè awọ. Ohun tí ó fa ọ̀kan lè má jẹ́ òun ni ó fa èkejì.

Ìbéèrè àyálò

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun ni ó máa ń sùn sínú ẹ̀rọ onítànṣán kí awọ wọn lè pọ́n. Ní ọdún 2009, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka ẹ̀rọ yìí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Bràsíìlì fi òfin dè é ní ọdún yẹn kan náà. Ìbéèrè nípa ẹ̀rọ yìí tọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí olùwádìí bá gbé e wá sí Ìbàdàn láìyí i padà, ta ni yóò dá a lóhùn? Mẹ́lánìn inú awọ dúdú ń dáàbò bo awọ náà gan-an. Nígbà tí mẹlanómà bá sì mú ènìyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń wà, níbi tí oòrùn kò ti dé púpọ̀. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley, olórin ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó kú ní ọdún 1981, ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oòrùn ti kan ilẹ̀ wa

Àwọn tí ọ̀rọ̀ oòrùn kàn jù láàrin wa ni àwọn àfín, tí Yorùbá ń pè ní ẹni òrìṣà. Mẹ́lánìn ara wọn kò tó nǹkan. Ìwádìí tí A. N. Okoro tẹ̀ jáde ní ọdún 1975 lórí àwọn àfín ní Nàìjíríà fi hàn pé kò sí ẹni tí ó ti kọjá 20 ọdún nínú wọn tí awọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ tàbí àmì tí ó lè yọrí sí i. Ojú, etí, ètè àti ọrùn ni ó sábà máa ń mú. Nítorí náà, ìbéèrè lè rí báyìí: láàrin àwọn ọ̀dọ́bìnrin àfín ọmọ ọdún 15 sí 29, ǹjẹ́ àwọn tí ń kiri ọjà tàbí tí ń ṣiṣẹ́ oko ní àmì yìí ju àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé lọ?

Yíyẹ ìbéèrè wò

Ìbéèrè yìí sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí ó ń bá wọn jà, àwọn tí a ó fi wọ́n wé, àti ohun tí a ó kà. Síbẹ̀, àlèébù wà lára rẹ̀. Oòrùn ìgbà èwe kì í kúrò lára awọ. Nítorí náà iṣẹ́ òní nìkan kò tó bèèrè. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí egbò ti yọ sí lójú lè ti fi kíkiri sílẹ̀ nítorí egbò náà. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ òní nìkan ni a kọ sílẹ̀, yóò dà bí ẹni pé abẹ́ òrùlé ni ó fa àrùn. Ìtàn iṣẹ́ àti ilé-ìwé láti kékeré ni ó yẹ kí a gbà.

Àkọsílẹ̀ náà ní ààlà. Láti ọdún 1960 ni àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ilé ìwòsàn kò lè sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn àfín kò sì pọ̀. Ìlú kan ṣoṣo lè má tó.

Èyí tí ó ṣe kókó jù ni ohun tí ìbéèrè yóò ṣe fún ẹni tí a bi í. Egbò kékeré ṣeé gé kúrò pátápátá; èyí tí ó ti jinlẹ̀ a máa pa ènìyàn. Olùwádìí tí ó bá rí egbò tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì fi ọ̀nà ìtọ́jú han ẹni tí ó ni ín, kò ṣe ohun tí ó yẹ.

Ìkádìí

Ìbéèrè rere kì í ṣe èyí tí ó dùn létí tàbí èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti bèèrè. Ara àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ti ń wá, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí.