Láti Ojú Ìwé dé Ojú Kọ̀ǹpútà: Àlàyé lórí Ìtàn Inú Géèmù The Witcher 3 àti Ìhà tí Àwùjọ Kọ sí i

Ìfáárà

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìtàn ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn ni àlọ́, ìtàn àròsọ inú ìwé, eré orí ìtàgé àti fíìmù. Géèmù orí kọ̀ǹpútà kì í sí lára wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi ojú eré ọmọdé wò ó, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi àkókò ìwé kíkà ṣòfò. Síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn géèmù tí ayé gbà tọwọ́-tẹsẹ̀ láti ọdún 2015 ni èyí tí ó jáde láti ara ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ ní èdè Pólándì, tí iwin, ẹbọra àti àṣà ilẹ̀ Pólándì sì kún inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni The Witcher 3: Wild Hunt. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá, bí ó ṣe ń rìn, àti ojú tí àwùjọ fi wò ó. Ó tún mẹ́nu ba èdè-àìyedè tí ó wáyé láàrin òǹkọ̀wé tí ó ni ìtàn àti ilé-iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di géèmù.

Orísun Ìtàn Náà

Ní ọdún 1986, ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Fantastyka ṣètò ìdíje ìtàn kúkúrú. Andrzej Sapkowski, ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ òwò ilẹ̀ òkèèrè, fi ìtàn kan ránṣẹ́ tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní ‘Wiedźmin’. Ipò kẹta ni ó gbà. Orí ìtàn àbáláyé Pólándì nípa ọmọbìnrin ọba tí ó di iwin apanijẹ ni ó gbé e kà, ṣùgbọ́n ó pa akọni inú rẹ̀ dà. Geralt, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, jẹ́ ọdẹ tí ń gba owó pa àwọn ẹ̀dá abàmì. Láti kékeré ni wọ́n ti fi oògùn líle yí ara rẹ̀ padà fún iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú ń wá a lọ́jọ́ ewu; bí ewu bá ti lọ tán, wọn kì í fẹ́ rí i láàrin wọn mọ́.

Àkójọ ìtàn kúkúrú àti ìtàn àròsọ gígùn márùn-ún ni ó tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1990 sí 1999. Gbajúmọ̀ ni ìwé wọ̀nyí ní Pólándì, ṣùgbọ́n ọdún 2007 ni àkọ́kọ́ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan náà ni géèmù àkọ́kọ́ jáde.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe géèmù náà ni CD Projekt. Marcin Iwiński àti Michał Kiciński ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1994, títa géèmù ilẹ̀ òkèèrè sì ni iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó gbé orúkọ wọn ga ni ìtumọ̀. Ní 1999 wọ́n túmọ̀ géèmù Baldur’s Gate sí èdè Pólándì, wọ́n sì pe àwọn gbajúmọ̀ òṣèré ilẹ̀ wọn láti fi ohùn sọ ọ́. Àwọn ènìyàn fi owó wọn rà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú géèmù olówó pọ́ọ́kú kún ọjà nígbà náà. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ilé-iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ fi di ńlá, kí ó tó ronú àtiṣe géèmù tirẹ̀. Kò dájú pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yin The Witcher 3 mọ èyí.

Bí Ìtàn Náà Ṣe Ń Rìn

Ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2015 ni The Witcher 3 jáde. Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe àtúnsọ ìwé. Ẹ̀yìn ibi tí ìwé parí sí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Geralt ń wá Ciri, ọmọ tí ó gbà tọ́, tí àwọn ọmọ-ogun abàmì tí ń gun ẹṣin lójú ọ̀run ń dọdẹ kiri.

Gbogbo ilẹ̀ inú géèmù náà ló wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń ta á. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ibi tí Àkàrà-ògùn bá lọ ni òǹkàwé gbọ́dọ̀ bá a lọ. Níhìn-ín, ẹni tí ń ta géèmù ni ó di ìjánu ẹṣin mú. Ó lè pa wíwá Ciri tì fún ìgbà pípẹ́, kí ó yà sí abúlé kan, kí ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó, kí ó sì ná iye tí wọn yóò san bí ó bá bá wọn pa iwin tí ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Òmìnira yìí nìkan kò tó láti sọ géèmù di ìtàn gidi, nítorí ọ̀pọ̀ géèmù ni ilẹ̀ wọn fẹ̀ tí kò sí ohun kan nínú wọn ju ìjà lọ. Ọ̀rọ̀ Baron ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Ìjòyè ọmọ-ogun ni Baron, ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan tí ogun ti bàjẹ́. Ó mọ ohun kan nípa Ciri, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ àfi bí Geralt bá bá a wá ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí a kò rí mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣírí tú: bí Baron bá ti mutí yó, lílù ni ó máa ń lu ìyàwó rẹ̀. Oyún ti bàjẹ́ lára obìnrin náà, òun àti ọmọ rẹ̀ sì sá lọ.

Ọmọ inú oyún náà, tí a kò sin bí ó ti yẹ, ti di iwin tí àwọn ará Pólándì ń pè ní poroniec. Geralt lè pa á. Ó sì lè mú kí Baron gbé e mọ́ra, kí ó sọ ọ́ lórúkọ, kí ó sin ín sí ẹnu ọ̀nà ilé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iwin náà yóò di olùṣọ́ ilé. Òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣàìrántí àbíkú. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì hàn kedere: orúkọ ni a fi ń bẹ àbíkú kí ó má lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ni a fi fún poroniec ní ìsinmi.

Ìyàwó Baron ń sin àwọn àjẹ́ mẹ́ta nínú ẹrẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Lábẹ́ òkè kan, ẹ̀mí kan tí wọ́n dè mọ́ gbòǹgbò igi bẹ Geralt pé kí ó tú òun sílẹ̀, ó ṣèlérí pé òun yóò gba àwọn ọmọ náà là. Bí Geralt bá tú u sílẹ̀, àwọn ọmọ yóò yè, ṣùgbọ́n ìyàwó Baron yóò kú, Baron yóò sì pokùn so. Bí ó bá pa ẹ̀mí náà, àwọn ọmọ yóò ṣègbé. Obìnrin náà yóò yè, orí rẹ̀ yóò sì dàrú, ọkọ rẹ̀ yóò mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lórí òkè. Géèmù náà kò sọ èwo ló tọ̀nà, ẹni tí ó bá yàn ni yóò ru ẹrù ohun tí ó yàn.

Àwọn àpẹẹrẹ àṣà mìíràn kò lóǹkà. Południca, iwin obìnrin ọ̀sán gangan, wà nínú oko ọkà. Ayẹyẹ Dziady, tí wọ́n fi ń pe òkú ọ̀run, ní ìtàn tirẹ̀. Àfikún tí ó jáde ní oṣù kẹwàá 2015, Hearts of Stone, yá nǹkan lára ìtàn Pan Twardowski, ọkùnrin tí ó ta ọkàn rẹ̀ fún èṣù, tí ìtàn sì sọ pé ó parí sórí òṣùpá. Nínú géèmù, onígbèsè tí ó dá májẹ̀mú gbà pé òṣùpá ni wọn yóò ti pàdé, nítorí ó gbà pé ẹsẹ̀ òun kò lè débẹ̀ láé. Àwòrán òṣùpá tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ tẹ́ńpìlì àtijọ́ ni ó mú un.

Ìhà tí Àwùjọ Kọ sí i

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ní mílíọ̀nù 4 tí wọ́n tà. Nígbà tí yóò fi di 2023, ó ti lé ní mílíọ̀nù 50. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ géèmù ọdún ní The Game Awards 2015. Ṣáájú èyí, ní 2011, olórí ìjọba Pólándì, Donald Tusk, ti fi The Witcher 2 ta Barack Obama lọ́rẹ. Kì í ṣe gbogbo ìjọba ni ó ń fi géèmù ṣe ẹ̀bùn fún ààrẹ ilẹ̀ mìíràn.

Àwọn lámèyítọ́ kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n bèèrè ìdí tí kò fi sí aláwọ̀ dúdú láàrin ogunlọ́gọ̀ ènìyàn inú rẹ̀. Àwọn olùgbèjà rẹ̀ ní àtijọ́ ilẹ̀ Pólándì ni ó ń ṣàfihàn. Ìdáhùn yìí kò lágbára tó, nítorí ayé tí iwin àti àjẹ́ ti ń bá ènìyàn gbé kì í ṣe ìwé ìtàn ìlú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kékeré tí ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ayé ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ nílé.

Èyí tí ó le jù ni ti Sapkowski. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá ra ẹ̀tọ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n fi ìpín nínú èrè lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n san owó òun lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò gbàgbọ́ pé géèmù náà yóò mówó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ sọ èyí fún akọ̀ròyìn ní 2017. Ní oṣù kẹwàá 2018, agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ̀wé sí CD Projekt, ó béèrè ó kéré tán mílíọ̀nù 60 złoty. Ìpínrọ̀ 44 nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Pólándì ni ó gbára lé. Òfin náà gba òǹkọ̀wé láyè láti béèrè àfikún bí owó tí ó gbà bá kéré jọjọ sí èrè ẹni tí ó ra iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé ìbéèrè náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó rọrùn láti fi òǹkọ̀wé náà ṣẹ̀sín pé ó kọ̀ oúnjẹ, ó tún padà wá lá àwo. Ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní sí bí kò bá jẹ́ pé àwọn aṣòfin mọ̀ pé ẹni tí ń ta ìtàn rẹ̀ kì í sábà mọ iye tí yóò pa lọ́la.

Wọn kò dé ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, wọn kò sì kéde iye owó inú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, Sapkowski gbé ìwé tuntun jáde ní èdè Pólándì lórí ìgbà ọ̀dọ́ Geralt. Oṣù kejìlá ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà kéde géèmù kẹrin, Ciri ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀.