Àwọn Tó Kọ́kọ́ Ya Èkó Sórí Káàdì

Ẹ̀yin ará Apapa àti Ajegunle, kí èbúté Apapa tó dé ni àwọn onífọ́tò ti ń ya Marina tó wà lódìkejì omi, tí àwòrán rẹ̀ sì ń lọ ìlú òkèèrè lórí káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ni àwọn àgbà iṣẹ́ náà.

Accra ni wọ́n ti bí Neils Walwin Holm. Ní 1886 ó wá sí Èkó, ó ṣí ilé fọ́tò, ó ń ya èèyàn, ó ń ya àdúgbò, ó sì ń ta àwòrán wọn fún ẹni tó bá fẹ́. Ní 1910 ó gba ìlú Òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà.

Ti George Da Costa ló wú mi lórí jù. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1853. Òun ló ń bójú tó ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì CMS láti 1877. Ní 1895, lẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún, ó fi iṣẹ́ iyì yẹn sílẹ̀, ó ná £30 láti kọ́ fọ́tò yíyà! Owó ńlá ni nígbà náà. Kò sì ná an dànù: ìjọba gbéṣẹ́ fún un láti ya bí wọ́n ṣe ń la ojú irin lókè Ọya, ìwé Allister Macmillan tó jáde ní London ní 1920 sì yìn ín gidigidi.

Láyé ìgbà náà, orí gíláàsì ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Onífọ́tò á gbé kámẹ́rà onígi lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, á fi aṣọ dúdú bo orí. Púpọ̀ nínú káàdì ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì nìkan ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì, nítorí náà etí àwòrán ni wọ́n ń há ọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba kí ọ̀rọ̀ àti àdírẹ́sì jọ wà lẹ́yìn, àwòrán wá gba gbogbo iwájú.

Nígbà tí èbúté Apapa ṣí ní 1926, ọkọ̀ ojú omi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ajegunle, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ń gbé, kì í ṣe ohun tí oníkáàdì ń wá. Inú àpótí àwọn bàbá àti ìyá yín ni àwòrán tirẹ̀ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó wọn jáde kí ìkán tó jẹ wọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, àdúgbò àti ọdún sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.