Agile: Ìdí tí wọ́n fi ń gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè fi ọdún kan gbáko ṣe sọ́fítíwíà, kí oníbàárà wá ní, “Èyí kọ́ ni mo fẹ́ o!” Owó ti lọ nìyẹn.

Lóṣù Kejì ọdún 2001, onímọ̀ sọ́fítíwíà 17 pàdé ní Utah, l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ìlànà Agile jáde.

Nínú Scrum, ọ̀kan lára ọ̀nà Agile, wọ́n máa ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó ṣe kókó jù ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Lójoojúmọ́, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Tí àkókò bá pé, oníbàárà á wò ó. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á tún ṣe, kì í ṣe tọdún kan.