Kọ̀ǹpútà kan, Windows àti Ubuntu: Ọ̀nà àbáyọ fún oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Adó-Èkìtì

Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni iléeṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò tó ń ṣe fún Windows 10. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò tìtorí ẹ̀ dákẹ́ iṣẹ́, àmọ́ bí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára ẹ̀, àtúnṣe tó máa ń wọlé fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀, nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, títí dé àyíká Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ló máa ń wà lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré, Windows 11 kì í sì í gba ọ̀pọ̀ irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó tuntun kò sí nílẹ̀.

Ọ̀nà kan tó wà ni pé kí wọ́n fi Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, yóò béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìgbéyàwó yóò mú Windows, nítorí CorelDRAW kò ṣe tiẹ̀ fún Ubuntu, àmọ́ kó yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì yóò mú Ubuntu. LibreOffice tó wà níbẹ̀ ń ṣí ìwé Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ojú ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ewu wà ni ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi í sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó fáìlì oníbàárà sórí hard disk mìíràn. Bí BitLocker bá wà, kí wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n pa Fast Startup, kí wọ́n sì ti inú Windows gé àyè tí kò dín ní 25GB sílẹ̀. Flash 16GB tó láti gbé Ubuntu. Orí flash yìí ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn yóò gbà á.

Bí ó bá dórí ìbéèrè, "Install alongside" ni kí wọ́n mú. Ẹni tó bá tẹ "Erase disk" ti nu Windows àti gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀ nìyẹn. Bákan náà, ẹni tí kò ní UPS tàbí bátìrì kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín, ohun gbogbo lè bàjẹ́.

Kí oníṣòwò má sì ṣe rò pé méjì ni ààbò òun báyìí. Orí hard disk kan náà ni Windows àti Ubuntu jọ ń gbé. Bó bá kú, àwọn méjèèjì jọ lọ ni.