Ọ̀nà Tí Wọn Kò Là fún Ọ̀kadà

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ọlọ́kadà tó ń sáré bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ò jọ lójú, ìyẹn a ti sọ ọ́ títí ẹnu ti ń ro wá. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò: nígbà tí wọ́n ń là á, ta ni wọ́n ní lọ́kàn? Ṣebí ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sọ́jà láàárọ̀, tòun ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Nígbà náà, ìlú kékeré ni Mowé àti Ìbafò, iṣẹ́ ọ̀kadà kò sì tíì gbilẹ̀. Ìgbà tí nǹkan le lẹ́yìn ọdún 1986 ló tó di iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń sá sí, tí wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada pè é. Nítorí náà, mọ́tò tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn láìdúró ni wọ́n torí rẹ̀ la ọ̀nà yẹn. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 2013, wọ́n fẹ̀ ẹ́ láti Èkó dé Ṣágámù, ó di ojú ọ̀nà mẹ́ta-mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, ògiri kọnkéré sì wà láàárín. Iṣẹ́ ńlá ni, a ò ní purọ́. Àmọ́ ìlú ti kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì báyìí. Ilé èèyàn lè wà lápá ọ̀tún, kí ọjà rẹ̀ wà lápá òsì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá fẹ́ gbé ìyá kan dé òdìkejì, ó ní láti lọ jìnnà kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń yí padà, kó tún máa bọ̀. Epo ń jó, ìyá ń pariwo lẹ́yìn pé oníbàárà òun á ti lọ. Kí ló máa ṣe? Á gba wọ́n-wéè. A ò gbè é lẹ́yìn o! Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ìṣirò yìí ná. Òfin gba mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí márosẹ̀. Ìyẹn tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo: kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá ìsọ̀ bíi mẹ́sàn-án. Bí ọ̀kadà bá ń sá 40 bọ̀ wá pàdé rẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan tó ń sá 140 bá kọ lù wọ́n ni.

Akoto dáa, ẹ dé e. Ẹ rántí 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan lé e, tí àwọn ọlọ́kadà kan lọ gbé igbá àti ìkòkò ọ̀dà lé orí! A rẹ́rìn-ín títí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èèyàn bá ti ṣubú ni akoto tó ń ṣiṣẹ́. Kéèyàn má ṣubú rárá, ọwọ́ ẹni tó la ọ̀nà ni púpọ̀ nínú ìyẹn wà.

Àwọn kan sì ti ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Màléṣíà, níbi tí alùpùpù ti pọ̀ gan-an, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti la ọ̀nà tóóró kan fún alùpùpù nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tó jáde láti olú-ìlú wọn, Kuala Lumpur. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́tò. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ìjàǹbá alùpùpù fi bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò pọn dandan kí tiwa rí bákan náà. Bí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bá lè wà tí ọlọ́kadà á máa tọ̀ láti Ìbafò dé Mowé láìwọ márosẹ̀, tí ibi ìyípadà sì sún mọ́ ọjà, a ti dúpẹ́. Ẹ sáà mọ bí títì ṣe máa ń rí ní Jimọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù, tí èrò bá ń lọ sí Redemption Camp, tí ọ̀kadà ń há ara rẹ̀ mọ́ àárín tírélà méjì.

Ti Ifọ̀ yàtọ̀. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta gba ìlú kọjá, káràkátà sì wà létí rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké ló ń gbé èèyàn ṣubú. Mọ́tò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá jìn sí kòtò, mẹ́ta á gbé e dúró. Ọ̀kadà ò ní ju méjì lọ. Iyanrìn tí òjò wọ́ sórí ọ̀dà, etí títì tó ti jẹ títí ó fi dà bí àtẹ̀gùn, irin orí gọ́tà tí àlàfo rẹ̀ kọjú sí ibi tí táyà ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó pa èèyàn. Ojú irin ńkọ́? Ìlú rélùwéè ni Ifọ̀ láti ayé òyìnbó. Bí ọ̀nà bá dá irin kọjá lábùú gan-an, táyà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá fẹ̀gbẹ́ gbà á, táyà lè há, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán ọ̀nà ló lè tún ìyẹn ṣe.

Ká má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, ìsọ̀ tó bá wọ etí ọ̀dà ń lé ọ̀kadà bọ́ sáàárín títì. Ibi tó yẹ kó gbà ni ata àti ẹ̀fọ́ jókòó sí. Àmọ́ kí wọ́n máa fọ́n ọjà wa dànù kò tán an, torí ebi ò ní jẹ́ ká má padà. Ó yẹ kí àwòrán ọ̀nà ti ní àyè tí ọ̀kadà á ti já èrò àti ẹrù, kí ọjà náà sì ní ibi tiẹ̀.

Ta la fẹ́ bá sọ ọ́? Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ẹ̀ka iléeṣẹ́ wọn tó ń rí sí iṣẹ́ òde sì wà ní Abẹ́òkúta. Ti ìpínlẹ̀, Òkè-Mosàn ni. Ọ̀nà àdúgbò ní Mowé àti Ìbafò wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ti Ifọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Òfin kan sì wà láti 1992 pé kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Títì márosẹ̀ wà nínú rẹ̀, òfin náà sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Ìgbà tí ọ̀nà ṣì wà lórí ìwé ni ọ̀rọ̀ wa lè wọlé. Tí wọ́n bá ti da kọnkéré, ó di kí wọ́n tó fọ́ ọ.

Fún ìdí èyí, kí ìyálọ́jà ọjà kọ̀ọ̀kan kọ ibi tí ọ̀kadà ti máa ń ṣubú ní sàkání rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ ibẹ̀, àkókò, àti ohun tó fà á. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́.