Bí Rẹ́sìnì Ṣe Ń Rìn Nínú Aṣọ Fáíbà

Ní ìlú Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Siemens Gamesa ti ṣe apá ẹ̀rọ amúnáwá tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí ẹyọ kan gùn tó mítà 81. Ní gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ fáíbà gíláàsì léra sínú mọ́ọ̀dù. Wọn á fa afẹ́fẹ́ jáde, rẹ́sìnì, ìyẹn olómi tó máa ń dì, á wá máa wọ́ gba àárín okùn aṣọ náà kọjá. Bó bá dì kó tó dé ibi kan, ibẹ̀ á kù ní gbígbẹ, iṣẹ́ ńlá náà sì lè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn rẹ̀.

Ìṣirò náà ti pẹ́. Ní 1856, Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó fa omi wọ ìlú Dijon, tẹ ohun tó rí jáde nípa bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá: bí agbára tó ń tì í bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yára tó, bí iyanrìn bá sì ṣe nípọn tó ni yóò ṣe falẹ̀ tó. Fún aṣọ fáíbà, a tún ń ka bí rẹ́sìnì ṣe ki sí, àti K, ìyẹn bí aṣọ ṣe ń fún olómi láyè tó.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Ká ní rẹ́sìnì ki ju omi lọ ní ìlọ́po 200, ìdajì inú aṣọ ṣófo, K jẹ́ 10⁻¹⁰ m², afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló sì ń tì í. Ìdajì mítà á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 21; mítà kan, ìṣẹ́jú 83; mítà méjì, ó lé ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin, torí pé aṣọ tó ti rin lẹ́yìn ló ń jẹ agbára tó yẹ kó ti èyí tó wà níwájú. Kò sẹ́ni tó lè bu rẹ́sìnì sí ìdí mítà 81 kó máa retí rẹ̀ lórí. Ẹnu ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún un, wọ́n sì sábà máa ń tẹ́ àwọ̀n olójú ńlá sórí aṣọ, kó lè sáré lókè kó tó rì sísàlẹ̀.

K gan-an ló ń fa wàhálà. Ó pọ̀ ní ipa okùn, ó kéré ní ìbú rẹ̀, bí a bá sì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sí i, ó tún dín kù. Bí etí aṣọ bá fi mìlímítà díẹ̀ jìnnà sí ara mọ́ọ̀dù, rẹ́sìnì á gba àlàfo yẹn sáré, á yí ibi gbígbẹ ká, á sì há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣírò ìrìn rẹ́sìnì lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú ìṣirò rẹ̀, á fi àlàfo síbí, á fi sọ́hùn-ún, kó tó pinnu ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde.